Èéfín Abẹ́ Fèrèsé Màmá

Ní ilé tí mo gbé ní Kétu, ayálégbé tó bá kó dé kẹ́yìn ló máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí ìkangun. Òfin bàbá onílé nìyẹn. Ọgbà náà tóóró, ó sì gùn, bí ọ̀nà àbùjá tí wọ́n fi géètì dí lẹ́nu. Mọ́tò mẹ́rin ló ń tò síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, imú èyí sí ìdí èyí. Tèmi ló wà ní ìkangun, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri rúùmù ìsàlẹ̀ kan. Bí àwọn mẹ́ta tó kù ò bá tíì jáde, èmi ò lè jáde. Mo lè wẹ̀ tán, kí n wọṣọ tán, kí n jókòó sídìí ọkọ̀, kí n sì wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Òfin kejì ló bí ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ. Bàbá onílé ò fẹ́ ariwo láàárọ̀. Kò gbọdọ̀ sí họ́ọ̀nù, kò gbọdọ̀ sí kíkan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dúró nísàlẹ̀ kó máa pe ẹni tó wà lókè. "Ilé ọmọlúàbí nìyí, kì í ṣe gáréèjì," ni wọ́n máa ń wí. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń sọ fún ara wa pé a ti ṣe tán ni kí olúkúlùkù sítáàtì mọ́tò rẹ̀. Bí o bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ẹni tó wà nínú ń dún, o mọ̀ pé ó ń dúró dè ọ́. Wàá mu tíì rẹ tán, wàá wá kọ́kọ́rọ́ rẹ, wàá sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo wà ní ìkangun ni mo máa ń kọ́kọ́ sítáàtì, èmi náà ni mo máa ń jáde kẹ́yìn.

Mọ́tò náà ò sì jẹ́ èyí tó yẹ kó máa ké lójú kan. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lórí títì Èkó kó tó kàn mí. Ọwọ́ akẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti rà á. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ wa nìyẹn. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa ń rán mi sí jù: Ìkẹjà lónìí, Ìkòròdú lọ́la. Adájọ́ kì í dúró de oníròyìn. Mo nílò mọ́tò náà.

Ohun tó ń ṣe é ni pé bí mo bá ti sítáàtì rẹ̀, èéfín á máa rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Iwájú ló ń gbà jáde, ó funfun, ó nípọn, ó ń rùn bí ìkòkò tí òróró jóná sí. Fèrèsé Màmá Ìsàlẹ̀ ló sì wà níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gan-an.

Orúkọ tí gbogbo ilé ń pè wọ́n nìyẹn. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Wọ́n ti ta abọ́ àti ìkòkò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kétu kí ẹsẹ̀ wọn tó kọṣẹ́. Ọmọbìnrin wọn, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí, ló máa ń gbé wọn sórí àga lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà títí ọmọ á fi dé. Rúùmù náà ò ní fèrèsé mìíràn. Láti ibẹ̀ ni Màmá ti ń kí èèyàn, tí wọ́n ti ń bá ọmọ wí, tí wọ́n ti ń mọ ẹni tó ra ẹja àti ẹni tó ra ẹran. Àyà wọn ò sì dáa. Bí èéfín bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, kòtò ọrùn wọn á máa wọlé, á máa jáde.

"Jọ́nálíìsì, o ti jí?" Bí wọ́n ṣe máa ń kí mi láàárọ̀ nìyẹn.

"Mo ti jí, Mà. Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Mo mọ̀. Mo ti gbọ́ òórùn ẹ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì di ikọ́.

Ọmọ wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó dá mi dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan. "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ti sítáàtì mọ́tò yẹn báyìí, gbogbo rúùmù ló ń kún. Lánàá, mi ò lè kúrò nílé títí Mọ́mì fi mí dáadáa. Ọ̀gá wa níléèwé bi mí pé kí ló dé, mo ní mọ́tò ni. Ó ní ṣé mo ti ra mọ́tò ni. Kí ni kí n sọ?"

Ní ọjọ́ kejì, mi ò sítáàtì. Mo jókòó sínú ọkọ̀ láìtan nǹkan kan, mò ń wo òkè. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti ń ta sára ògiri kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ tẹ̀ lé tèmi tó yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó ń ta táyà ní Owódé Onírin. Nígbà tí mo bi í, ó ya ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ mọ́tò yín! Mo rò pé ẹ ò lọ síbì kankan ni." Nígbà tí mo fi dé Ìkẹjà, adájọ́ ti dìde. Àwọn akẹgbẹ́ mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, mo sì kọ ọ́ bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Mo gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòsí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Prẹ́ẹ̀sì! Ta lẹ tún fẹ́ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn?"

"Ìwọ ni, tí o ò bá tún èyí ṣe."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n sítáàtì. Ó na ọwọ́ sí ẹnu rọ́bà kan tó ń fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Èéfín ń tú jáde láti inú rẹ̀, pù, pù, pù, ọ́ìlì sì ta sí i ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń mí. Iná tó ń jó nínú ẹ̀, díẹ̀ máa ń jò gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì tó yẹ kó dá a dúró lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Kò gbọdọ̀ há síbẹ̀. Ihò tí wọ́n ṣe kó lè ráyè jáde nìyí, bírídà là ń pè é. Tiyín ti dàgbà, ríǹgì ti jẹ, ló ṣe ń mí bí ẹni tó sáré. Rọ́bà yìí ló yẹ kó gbé èémí yẹn padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lọ jó dànù. Ẹnìkan ti yọ ẹnu ẹ̀ kúrò."

"Ta ni?"

"Ẹni tó tà á fún yín. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí èéfín lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá wò ó."

Ó dá rọ́bà náà padà síbi tó yẹ kó wà. Mo yọ̀ délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí èéfín níwájú mọ́. Ẹ̀yìn ló bọ́ sí. Èéfín aró ni báyìí, ó ń tú jáde nínú sáléńsà, kò sì ríbi gbà nínú ọgbà tóóró yẹn. Ó gun ara ògiri lọ sókè, ó wọ inú aṣọ tí wọ́n sá, ó wọ ilé ìdáná onílé, ó sì tún yí po padà wá bá Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí. Bàbá onílé jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká.

"Kí lò ń yan?"

"Mọ́tò ni, Sà."

"Mọ́tò! Mo rò pé ẹja ni." Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí èéfín bá tún jáde nínú mọ́tò yìí, títì ni yóò máa sùn."

A mọ ohun tí títì jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n yọ bátìrì àti iná iwájú mọ́tò kan níwájú ilé kejì sí tiwa.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìró òòlù. Ọmọ Màmá ló dúró sórí àpótí, ó ń kan páláńkẹ́, pákó pẹlẹbẹ kan, mọ́ ojú fèrèsé.

"Ọ́ńkù, ẹ má bínú," ó ní, kò wẹ̀yìn. "Bí mi ò bá lè lé èéfín lọ, màá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta."

Ohùn Màmá dún láti inú: "Ẹ jẹ́ n rí ojú ọ̀run o!"

"Mọ́mì, ẹ ní sùúrù."

"Ibo ni mo fẹ́ mú sùúrù lọ? Ṣé mo lè rìn ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá jókòó sídìí ọkọ̀, páláńkẹ́ ni mò ń wò. Mo máa ń kí wọn lójú ẹ̀, wọ́n á sì dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi wọ́n bí ara ṣe rí. Mi ò gbàgbé bí wọ́n ṣe wí: "Inú àpótí ni mo wà, Jọ́nálíìsì. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń kọjá, mi ò mọ ohun tó rù." Iná mànàmáná ò sì dúró lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Fáànù ò ṣiṣẹ́. Ọmọ wọn sọ fún mi pé tí òun bá dé láti iléèwé, aṣọ ara Màmá máa ń rin gbingbin fún òógùn, mímí wọn ò sì sàn ju ti ìgbà èéfín lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò táyà ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó na ìka. "Ihò yìí ni gbogbo wàhálà ti ń jáde? Ẹ dí i! Kí ló le níbẹ̀? Táyà tó bá ń jò, ṣebí a máa ń dí i ni."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ mẹkáníìkì lọ. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó wò mí.

"Mo lè dí i, Prẹ́ẹ̀sì. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o: bí mo bá dí i nímú, á wá ibòmíì gbà."

"Yóò tó ìgbà wo?"

"Ṣé Ọlọ́run ni mí ni?"

"Dí i ná. Ìyá arúgbó kan wà nínú òkùnkùn nítorí mi."

Ó gbẹ́ igi kékeré kan, ó gbá a bọ ẹnu rọ́bà náà, ó fi wáyà dè é gírígírí. Ó tún dí ihò tí rọ́bà yẹn ti ń wọnú ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀.

Àwọn òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e dùn. Díẹ̀ báyìí ló ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí. Bàbá onílé kí mi láti òkè. Oníṣòwò táyà ń yan bí akọ: "Èmi ni dókítà yín o!" Mo lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ Màmá ní ìrọ̀lẹ́, mo ní ó ti parí, kó yọ páláńkẹ́. Ó wo mọ́tò náà tìfura-tìfura.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọ́ńkù. Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Òótọ́ ló sọ. Màmá pariwo láti inú: "Ìwọ ni kó o wá jókòó síbí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!" Ọmọ wọn ò yọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà ò pé. Wọ́n rán mi lọ sí Mile 12 nítorí aáwọ̀ kan láàárín àwọn aláta àti àwọn onílọ́rì. Kí n tó dé ọjà, òórùn ọ́ìlì gbígbóná kún inú mọ́tò. Iná pupa tàn níwájú mi. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ti ta jáde kúrò nínú ihò rẹ̀, ó fi ara kọ́ wáyà kan. Ọ́ìlì ti ta sí gbogbo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tún ń ṣàn nísàlẹ̀, láti ìdí ẹ́ńjìnnì, tó, tó, tó, sórí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Alábàárù kan dúró, ó wò ó, ó mi orí.

"Ọ̀gá, mọ́tò yín ti bì o."

Wọ́n fa mọ́tò náà lọ sí ọ̀nà Ìkòsí. Mẹkáníìkì mi ò bá mi jà. Ó tiẹ̀ ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn díẹ̀. "Kò ríhò gbà, ló ṣe ti gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ó ti géèjì jáde, ó ti síìlì ẹ̀yìn tó ń dá ọ́ìlì dúró jáde. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè pa á." Ó fa igi yẹn yọ pẹ̀lú púláyà, ó jù ú sínú iyanrìn.

Nígbà yìí, ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe é bí àwọn onílọ́rì kan ṣe ń ṣe é. A jọ lọ sí Owódé Onírin. Ó wá agolo irin kan tó nípọn, tó ní ọmọrí tí wọ́n ń yí dé, láàárín àwọn àlòkù tí wọ́n kó jọ sílẹ̀. Ó dá ihò méjì sí i, ó jó ọ̀pá kékeré mọ́ ọn lójú méjèèjì, ó sì ki kànrìnkàn irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò sínú rẹ̀. Ó dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Rọ́bà kan gbé èémí ẹ́ńjìnnì wọ inú agolo náà. Kànrìnkàn á gba ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀, á máa kán sílẹ̀. Rọ́bà kejì á wá gbé ìyókù lọ sínú ẹ́ńjìnnì láti jó. "Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ń mí báyìí nìyí," ó ní. "Ẹ máa da ọ́ìlì inú ẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Kò ní tán pátá. Ríǹgì ló jẹ. Àfi ká tú ẹ́ńjìnnì."

"Mi ò lè tú u báyìí."

"Mo mọ̀. Bí gbogbo yín ṣe ń wí nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo bẹ ọmọ Màmá pé kó yọ páláńkẹ́ kí a lè dán an wò lójú gbogbo wa. Ó mú òòlù. Ìṣó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, Màmá fi ọwọ́ bojú. Wọ́n ti rù. Irun wọn ti dà rú lápá kan, níbi tí wọ́n fi ń ti ògiri.

"Ilé tí wọ́n ń kọ́ yẹn nìyí?" wọ́n bi mí, wọ́n ń wo ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ògiri wa. "Ó ti ga tó báyìí?"

Mo wọ mọ́tò, mo sítáàtì. Ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ dáadáa. Níwájú, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí èéfín ẹni tó ń mu sìgá. Èmi àti ọmọ wọn ò wo mọ́tò mọ́, ọrùn Màmá là ń wò. Wọ́n mí wọlé, wọ́n mí jáde. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà yí po lára ògiri, ó rọra ń bọ̀. Wọ́n húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún húkọ́. Kòtò ọrùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Ẹ pa á, Ọ́ńkù."

Mo pa á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé páláńkẹ́ náà nílẹ̀. Màmá di etí páláńkẹ́ náà kan mú láti inú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọn ò jẹ́ kó gbé e sókè.

"Má tì mí mọ́ ibí mọ́," wọ́n ní, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Jẹ́ kó pa mí níbi tí mo ti ń ríran."

Ojú ọmọ wọn kún fún omi. Kò mọ ẹni tí òun ì bá bá wí. Èmi ló dojú kọ.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Mi ò ní sítáàtì mọ́tò yìí nínú ọgbà mọ́."

"Ẹ ó fò jáde ni?"

"A ó tì í."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo rú òfin. Mo gun òkè, mo kan ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn, mo ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá gbé mọ́tò wọn kúrò lọ́nà. Oníṣòwò táyà jáde pẹ̀lú ìdajì búrẹ́dì lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, mo yọ mọ́tò mi kúrò nínú jíà, òun di ilẹ̀kùn awakọ̀ mú láti máa yí sítíárìn, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé òkè dúró sódì kejì. Iwájú ló kù fún mi. Ilẹ̀ ọgbà náà sì ń gòkè díẹ̀ lọ sí ẹnu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò lẹ rà àbí ọmọlanke?"

"Tì í, jọ̀ọ́!"

"A bá yín tì í, ẹ fi orúkọ wa sínú ìwé ìròyìn o!"

"Hẹ́ẹ̀! Lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Fèrèsé òkè ṣí. Bàbá onílé yọ orí jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. "Ta ló ń kan ilẹ̀kùn? Ta ló ń pariwo? Ṣé gáréèjì ni ibí?"

Kí n tó ríhun sọ, Màmá dáhùn láti ojú fèrèsé wọn. "Èmi ni mo rán an."

"Ẹ̀yin, Mà?"

"Èmi. Bí wọn ò bá kan ilẹ̀kùn, àyà mi ni wọ́n ń kàn."

Bàbá onílé fi pákò rin eyín díẹ̀. Wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wo Màmá. "Kí wọ́n rọra kàn án," ni wọ́n sọ, wọ́n sì ti fèrèsé.

Òfin ìkangun kò yí padà. Mo wà níbẹ̀ títí mo fi kó jáde nínú ilé náà. Ayálégbé tuntun kankan ò dé lẹ́yìn mi. Láàárọ̀, màá há ara mi sí àárín ògiri àti iwájú mọ́tò, níbi tí ààyè ò ti gba ju ìbú èèyàn kan lọ, màá fi ẹ̀yìn ti ògiri, màá fi ẹsẹ̀ ti bọ́ńpà, aṣọ ilé ẹjọ́ mi á máa ha mọ́ sìmẹ́ńtì. Orí Màmá máa ń wà ní òkè orí mi gan-an, wọ́n á máa sọ fún mi ibi tí táyà dé. Bí a bá dákẹ́ díẹ̀ láti sinmi, mo máa ń gbọ́ èémí wọn, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó lọ geere. Tèmi ló máa ń já.